Ìkòkò Tó Ń Dán

Ṣọlápé Ògúnmọ́lá fọ ìkòkò náà.

Ìkòkò irin funfun ni, èyí tí ìyá Bámilóyè fi ń se ọbẹ̀. Èéfín sítóòfù ti sọ ìdí àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ di dúdú láti ìgbà pípẹ́. Ṣọlápé fi yanrìn àti kànrìnkàn ha á títí gbogbo ara rẹ̀ fi ń dán. Kò sẹ́ni tó rán an níṣẹ́ náà. Ọmọbìnrin tó bá kọ́kọ́ lọ kí ìyá àfẹ́sọ́nà rẹ̀ kì í jókòó kí wọ́n máa gbé oúnjẹ wá fún un. Yóò gbálẹ̀, yóò fọ ìkòkò, ìyá ọkọ yóò sì wo ìdí ìkòkò kó tó wo ojú ọmọ. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá Ṣọlápé kọ́ ọ kó tó kú.

Lẹ́yìn tó fọ̀ ọ́ tán, ó gbé ìkòkò òfìfo náà ka iná kí omi ara rẹ̀ lè gbẹ kó tó da epo sí i. Ó wá rántí pé òun kò tíì fọ ata. Ó sọ ìkòkò kalẹ̀ sórí pèpéle, ó sì lọ sí ẹ̀yìnkùlé.

Ìgbà náà ni Bámilóyè mú ìyá rẹ̀ wọ ilé ìdáná. Ó fẹ́ fi iṣẹ́ ọwọ́ Ṣọlápé, èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, hàn án. Agolo kékeré kan ni, irú èyí tí àwọn ayàwòrán ń kó fíìmù sí. Wáyà méjì so ó mọ́ mítà alábẹ́rẹ́. Bí a bá kọ ojú agolo náà sí ohun kan, láìfọwọ́ kan ohun náà, abẹ́rẹ́ mítà yóò fi hàn bó ti gbóná tó. Ṣọlápé pè é ní awòoru.

Ìyá Bámilóyè kò wo agolo. Ìkòkò ló ń wò.

"Ọmọ yìí ló fọ ìkòkò mi báyìí?"

"Òun ni, Màámi."

"Jẹ́ kí n wo ìdí rẹ̀."

"Ẹ dúró ná. Ẹ jẹ́ kí irinṣẹ́ kọ́kọ́ bá yín wò ó." Bámilóyè kọ ojú agolo sí ìkòkò. Abẹ́rẹ́ kò kúrò níbi tó wà.

"Kí ló wí?"

"Kò gbóná, Màámi."

Ìyá Bámilóyè na ọwọ́ ọ̀tún, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìkòkò, ó sì fẹ́ yí i.

Igbe rẹ̀ dé ẹ̀yìnkùlé. Nígbà tí Ṣọlápé sáré dé ẹnu ọ̀nà, awọ àtẹ́lẹwọ́ náà ti bó, ìkòkò sì wà nílẹ̀.

"Ta ló ní kò gbóná?" ni ìyá náà ń wí. "Bámilóyè, ta ló ní kò gbóná?"

"Irinṣẹ́ Ṣọlápé ló wí bẹ́ẹ̀, Màámi."

Ṣọlápé gbọ́ ọ. Ó wo ìkòkò, ó rí bó ti ń dán, ó sì mọ ohun tí òun ṣe.

Gbogbo ohun tó gbóná ló ń tan ìmọ́lẹ̀ kan tí ojú ènìyàn kò lè rí. Ìmọ́lẹ̀ yìí ni awòoru ń gbà. Ohun dúdú ń tú u jáde ní kíkún. Irin tó ń dán kì í tú u jáde tó bẹ́ẹ̀. Ooru ògiri tó kọjú sí i ló ń dá padà. Ògiri ilé ìdáná ni irinṣẹ́ rí lára ìkòkò, ògiri náà sì tutù. Ká ní ìkòkò ṣì dúdú bó ti wà láàárọ̀ ni, abẹ́rẹ́ ìbá ti fò sókè. Ṣọlápé mọ èyí. Ó ti kọ ọ́ sínú iṣẹ́ àṣejáde rẹ̀ ní yunifásítì ní Akọka. Ṣùgbọ́n ìyàwó ló wá ṣe lọ́jọ́ yẹn. Kò rántí ohun tí onímọ̀ ẹ̀rọ mọ̀.

*

Bí ọdún méjì ṣáájú ọjọ́ náà ni òun àti Bámilóyè pàdé. Àwọn ológun ti fi ìjọba sílẹ̀, àwọn alágbádá ti gorí oyè, àwọn tó kàwé sì ń retí pé iṣẹ́ yóò wà. Ṣọlápé kò rí iṣẹ́. Ó jókòó sínú yàrá kan nílé bàbá rẹ̀ ní àdúgbò Ladi-Lak, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tirẹ̀.

Àwọn òyìnbó ní irinṣẹ́ tó ń wo ooru láti òkèèrè, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ju agbára ilé ìtẹ̀wé èyíkéyìí ní Bajulaiye, àdúgbò àwọn atẹ̀wé, lọ. Ṣọlápé fẹ́ ṣe èyí tí ẹni tó ní ẹ̀rọ kan ṣoṣo lè rà. Ó so wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ oríṣi méjì pọ̀ ní ẹnu, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹnu bẹ́ẹ̀, nítorí pé bí ẹnu ibẹ̀ bá gbóná, iná mànàmáná díẹ̀ yóò jáde níbẹ̀. Ó fi èéfín àtùpà kun àwọn ẹnu náà kí wọ́n lè gba ooru dáadáa. Dípò gíláàsì olówó iyebíye tí àwọn òyìnbó ń lò, ó fi ọ̀rá píọ́wọ́tà bo ojú agolo, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ ooru ń gba inú ọ̀rá náà kọjá. Gbogbo rẹ̀ kò ju ìdérí ìgò lọ ní fífẹ̀. Ó kù kó rí ibi tí yóò ti dán an wò.

Ó wọ ilé ìtẹ̀wé kan ní Bajulaiye.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń wá ẹ̀rọ tó máa ń gbóná."

Bámilóyè gbé ojú sókè láti ìdí ẹ̀rọ. "Gbogbo ènìyàn ń wá ẹ̀rọ tó tutù, ìwọ ń wá èyí tó gbóná. Ṣé búrẹ́dì lo fẹ́ yan ni?"

"Mo fẹ́ wọn ooru rẹ̀ ni."

"Màámi ń fi ọwọ́ wọ̀n ọ́n láràárọ̀. Ọ̀fẹ́ ni."

"Bí wọn kò bá sí nítòsí ńkọ́? Ta ni yóò wọ̀n ọ́n?"

Bámilóyè kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó nu yíǹkì ọwọ́ rẹ̀, ó sì gbé àga fún un.

Ó tó oṣù mélòó kan kí Ṣọlápé tó mọ ohun tí òun sọ lọ́jọ́ náà. Ilé ìtẹ̀wé yẹn ti jóná rí, láyé àwọn ológun. Béárìn kan, irin róbótó tí ọ̀pá ẹ̀rọ ń yí nínú rẹ̀, ni gírísì gbẹ nínú rẹ̀. Ó gbóná títí ó fi ran àkísà oníkẹrosíìnì. Bàbá Bámilóyè wọlé lọ kó bébà jáde, kò sì jáde. Ìyàwó rẹ̀ ti lọ sí ọjà lọ́jọ́ náà. Láti ìgbà tí wọ́n ti ra ẹ̀rọ mìíràn ló ti ń fi àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún kan gbogbo béárìn rẹ̀ tí ọwọ́ lè dé láàárọ̀, lọ́sàn-án, àti kó tó ti ilẹ̀kùn. Kò fi iṣẹ́ náà lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Bámilóyè kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ń sin Ṣọlápé dé Ladi-Lak bí iṣẹ́ bá parí. Nígbà mìíràn wọ́n a rìn dé etí ọ̀sà ní Bàrígà, wọ́n a wo àwọn apẹja tó ń tún àwọ̀n ṣe, wọ́n a sì padà. Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ tó sọ kò pọ̀. Lọ́jọ́ kan ó ní, "Mo fẹ́ kí o wá kí Màámi." Ṣọlápé mọ ohun tí gbólóhùn náà túmọ̀ sí. Ó fi ọ̀sẹ̀ kan ronú sí i kó tó dáhùn, nítorí pé kò dá a lójú bóyá ìfẹ́ wà nínú ìdákẹ́jẹ́ ọkùnrin náà tàbí ìdákẹ́jẹ́ lásán ni. Ó lọ. Ó sì fọ ìkòkò.

*

Àǹtí Rebecca, àbúrò ìyá Bámilóyè, ni alárinà wọn. Ó ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìtẹ̀wé náà, níbi tó ti ń gé ìwé tó sì ń dì í. Òun ni wọ́n rán sí Ladi-Lak.

"Ẹ̀gbọ́n mi ní kí o má wá mọ́," ó wí. Kò jókòó. "Wọ́n ní ọwọ́ làwọn fi tọ́ ọmọ, ọwọ́ làwọn fi ṣọ́ ẹ̀rọ, àwọn kò ní fi èyí tó kù gba ìyàwó."

"Bámilóyè ńkọ́, Àǹtí? Kí ló wí?"

"Ó dákẹ́."

"Kò sọ nǹkan kan?"

"Ìgbà wo lo gbọ́ kí ọmọ yẹn sọ̀rọ̀? Bàbá rẹ̀ ló jọ. Lọ́jọ́ tí bàbá rẹ̀ wá tọrọ ẹ̀gbọ́n mi, a rò pé aago ògiri ló wá tún ṣe."

Ṣọlápé kò rẹ́rìn-ín. Gbólóhùn kan ló wà lọ́kàn rẹ̀: irinṣẹ́ Ṣọlápé ló wí bẹ́ẹ̀. Abẹ́rẹ́ dúró sí ibi kan. Ẹni tó sọ pé kò gbóná ní ẹnu. Ó bi ara rẹ̀ léèrè bóyá ọkùnrin tí yóò máa fi òun dí ojú ẹ̀bi ni òun fẹ́ fẹ́. Ṣùgbọ́n ó rí ohun kan tó dá a lójú: irinṣẹ́ tí òun ṣe ti ṣe ènìyàn léṣe, òun kò sì tíì sọ ìdí rẹ̀ fún ẹni náà.

Bàbá rẹ̀, díákónì Ògúnmọ́lá, gbọ́ pé ó ń múra àtilọ sí Bajulaiye.

"Jókòó," ó wí. "Wọ́n ti ránṣẹ́. Ọmọ mi kì í lọ tọrọ ọkọ."

"N kò lọ tọrọ ọkọ, Bàbá. Mo fẹ́ lọ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ni."

"Bí wọ́n bá lé ọ jáde ńkọ́?"

"Wọn yóò ti gbọ́ kí wọ́n tó lé mi."

Bàbá náà wò ó. "Ìyá rẹ ló bí ọ," ó wí, ó sì gbé ìwé ìròyìn rẹ̀.

*

Ìyá Bámilóyè jókòó ní ẹnu ọ̀nà ilé ìtẹ̀wé. Báńdéèjì wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀ títí dé ọrùn ọwọ́. Bámilóyè wà ní ìdí ẹ̀rọ; ó rí Ṣọlápé, ó dìde, ó sì tún jókòó.

"Ta ló ní kí o wá?" ni ìyá rẹ̀ bi Ṣọlápé.

"Kò sẹ́ni tó ní kí n wá, mà. Mo wá sọ ohun tó jó yín."

"Mo mọ ohun tó jó mi. Ìkòkò ni."

"Ìkòkò ni, mà. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ìdí tí agolo kò fi rí i."

Ó gbé agolo mílíìkì méjì jáde nínú àpò. Ọ̀kan ń dán bí wọ́n ti ṣe é. Ó ti fi èéfín àtùpà sọ èkejì di dúdú. Ó da omi gbígbóná láti inú fíláàsì kan náà sí méjèèjì, ó sì kọ ojú awòoru sí èyí tó ń dán. Díẹ̀ ni abẹ́rẹ́ mira. Ó kọ ojú rẹ̀ sí èyí tó dúdú. Abẹ́rẹ́ fò dé òkè.

Ìyá Bámilóyè tẹ̀ síwájú. "Tún un ṣe."

Ṣọlápé tún un ṣe.

"Omi kan náà ni?"

"Omi kan náà ni, mà."

"Èyí tó dúdú ló ń sọ òtítọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ìwọ sì fọ ìkòkò mi títí ó fi di òpùrọ́."

"Èmi ni, mà. Mo fẹ́ kí inú yín dùn sí mi."

Ìyá náà wo agolo méjèèjì. "Inú mi dùn sí ọ," ó wí, "títí mo fi na ọwọ́."

Àǹtí Rebecca, tó ti yọ orí jáde láti ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé ọwọ́ tí wọ́n dì sókè.

"Ọwọ́ tí mo fi ń ṣọ́ ẹ̀rọ nìyí. Ọwọ́ òsì mi kò kọ́ iṣẹ́ náà. Iṣẹ́ àwọn olóṣèlú ti kún ilẹ̀, ìbò ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ẹ̀rọ kò ní sinmi. Ta ni yóò máa ṣọ́ ọ?"

"Èmi ni, mà."

"Ìwọ ni. Ìwọ ni yóò jẹ́ ọwọ́ mi títí èyí yóò fi san. N kò pè ọ́ ní ìyàwó o. Ọwọ́ ni mo pè ọ́. Ohun kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ ọ́: má ṣe fọ ohunkóhun níbí."

*

Ṣọlápé ń wá lójoojúmọ́. Kó tó wo béárìn kan, ó kọ́kọ́ ń fi ìka kun ojú irin rẹ̀ ní yíǹkì dúdú tí wọ́n fi ń tẹ ìwé. Bámilóyè ló ń bu yíǹkì náà fún un. Yàtọ̀ sí "o káàárọ̀" àti "ó dàárọ̀", wọn kò bá ara wọn sọ̀rọ̀. Nígbà mìíràn Bámilóyè a dúró bí ẹni tó fẹ́ wí nǹkan, oníbàárà a wọlé, a sì yí padà. Ṣọlápé kò ràn án lọ́wọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, pósítà olóṣèlú kan ni wọ́n ń tẹ̀. Moshood, aṣojú olóṣèlú náà, dúró tì wọ́n, ó ń ka bébà bí wọ́n ti ń jáde. Ṣọlápé kọ ojú awòoru sí béárìn kan lẹ́yìn ẹ̀rọ, lábẹ́ ìbòrí irin tó ní ihò tóóró, níbi tí ọwọ́ kò lè dé. Ó dúró. Ó tún wò ó.

"Ó yẹ kí a pa ẹ̀rọ," ó wí.

"Pa kí ni?" ni Moshood wí. "Àǹtí, wọn kò ní sún ọjọ́ ìbò síwájú nítorí agolo o."

Bámilóyè fi ọwọ́ kan ìbòrí irin náà. "Kò gbóná níbí."

"Ìbòrí nìyẹn. Béárìn wà nínú lọ́hùn-ún."

"Ṣọlápé, iṣẹ́ ń lọ. Agolo yìí ti ṣì wá lọ́nà lẹ́ẹ̀kan."

Ṣọlápé yí ojú kúrò lára rẹ̀. Ó kọjú sí ìyá Bámilóyè, tó jókòó ní ẹnu ọ̀nà. "Màámi," ó wí. Kò pè é bẹ́ẹ̀ rí.

"Ṣé irin ibẹ̀ ń dán?" ni ìyá náà bi í.

"Ó ń dán tẹ́lẹ̀. Mo ti fi igi ti yíǹkì dé ibẹ̀ láàárọ̀."

"Kí ni abẹ́rẹ́ wí?"

"Ó ju ti àná lọ fíìfíì. Ó sì ń gòkè sí i."

"Bámilóyè, pa ẹ̀rọ."

"Màámi, Bọ̀dá Moshood dúró síbí…"

"Mo rí i. Kò kúrú. Pa ẹ̀rọ."

Bámilóyè wo Moshood, ó wo ẹ̀rọ. Ìyá rẹ̀ kò dúró dè é. Ó dìde, ó fi ọwọ́ òsì já iná ẹ̀rọ náà.

Ó pẹ́ kí wọ́n tó tú ìbòrí irin. Gírísì inú béárìn ti gbẹ di lẹ́búlẹ́bú. Irin rẹ̀ ti di àwọ̀ aró. Àkísà tí wọ́n fi kẹrosíìnì nu rólà wà nílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé afẹ́fẹ́ ẹ̀rọ ló fẹ́ ẹ débẹ̀. Ìyá Bámilóyè bẹ̀rẹ̀, ó mú àkísà náà, ó sì dì í mú fún ìgbà pípẹ́.

Moshood kó bébà rẹ̀ tó kù, ó sì gbé iṣẹ́ lọ síbòmíràn. Wọn kò rí i mọ́.

*

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, Àǹtí Rebecca tún dé Ladi-Lak. Lọ́tẹ̀ yìí ó jókòó.

"Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n wá tọrọ ọmọ. Wọ́n ní àwọn kò fẹ́ kí ọwọ́ àwọn máa sùn nílé ẹlòmíràn."

"Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, Àǹtí. N kò tíì gbà."

"O kò tíì kí ni? Lẹ́yìn gbogbo wàhálà yìí?"

"Ìyá gbà mí gbọ́. Ọmọ kò gbà mí gbọ́. Ọmọ ni mo máa bá gbé."

Àǹtí Rebecca sún mọ́ ọn. "Gbọ́ mi. Bámilóyè dà bí ìkòkò tí o fọ̀ yẹn. Ó gbóná nínú, kò kàn hàn lára ni."

"Àǹtí, ènìyàn kì í ṣe ìkòkò. Ó ní ẹnu."

Àǹtí Rebecca gbé àpò rẹ̀. Ó dìde, ó ní òun yóò jẹ́ iṣẹ́ náà bí òun ṣe gbọ́ ọ.

Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, lẹ́yìn ìsìn, Bámilóyè wá fúnra rẹ̀. Yíǹkì kún abẹ́ èékánná rẹ̀. Wọ́n jókòó sí iwájú ilé.

"Mo ti kun gbogbo irin tó ń dán lára ẹ̀rọ náà ní dúdú," ó wí. "Gbogbo béárìn. Mo tú u, mo kùn ún, mo sì tún un tò. O kò ní láti máa fi ìka kùn ún mọ́."

"O ṣeun."

Ó dúró kí Ṣọlápé sọ̀rọ̀ sí i.

"Kò tó?"

"Iṣẹ́ dáadáa ni. Kì í ṣe òun ni mo ń dúró dè."

"Kí lo ń dúró dè? Sọ ọ́, màá ṣe é."

"Bí mo bá sọ ọ́ fún ọ, tèmi ni yóò jẹ́. Ìyá rẹ béèrè ọ̀rọ̀ kan lọ́wọ́ rẹ nílé ìdáná. Lọ rántí ohun tí o fi dá wọn lóhùn."

Bámilóyè wo yíǹkì abẹ́ èékánná rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó kí i pé ó dàbọ̀, ó sì lọ. Ṣọlápé wò ó títí ó fi yà ní kọ̀rọ̀. Ẹ̀rù bà á pé ó ti lọ pátápátá. Kò pè é padà.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ náà ń parí lọ, àlejò mẹ́ta wọ pálọ̀ díákónì Ògúnmọ́lá: Bámilóyè, ìyá rẹ̀, àti Àǹtí Rebecca. Àǹtí Rebecca fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ gẹ́gẹ́ bí alárinà. Bámilóyè ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n jẹ́ kí òun sọ ọ́. Ó dọ̀bálẹ̀ fún díákónì, ó dìde, ó sì kọjú sí ìyá rẹ̀.

"Màámi, lọ́jọ́ tí ìkòkò jó yín, ẹ bi mí pé ta ló ní kò gbóná. Mo ní irinṣẹ́ Ṣọlápé ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Abẹ́rẹ́ dúró ni, kò sọ̀rọ̀. N kò mọ irinṣẹ́ náà tó, n kò sì dúró bi ẹni tó ṣe é, ó wà ní ẹ̀yìnkùlé. Èmi ni mo fi ẹnu mi sọ pé kò gbóná. Mo sì di ẹ̀bi ru ẹni tí kò sí níbẹ̀. Nígbà tí a fẹ́ pa ẹ̀rọ, mo tún dì í rù ú. Èmi ni."

"Mo mọ̀," ni ìyá rẹ̀ wí. "Ohùn rẹ ni mo gbọ́. Agolo kò lẹ́nu."

"Kí ló dé tí ẹ kò bá mi wí?"

"Mo ń dúró kí o mọ̀ ọ́n."

Díákónì Ògúnmọ́lá yọ gíláàsì ojú rẹ̀. "Ṣọlápé, ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, Bàbá."

"Kí ni ìdáhùn rẹ?"

Ṣọlápé wo Bámilóyè.

"Mo gbà."

"Ó tó báyìí!" ni Àǹtí Rebecca wí. "Ẹ ti sọ mí di alárinà tí kò níṣẹ́. Ẹ fún mi ní omi tútù, ó kéré tán."

*

Wọ́n ṣe ìgbéyàwó ní ìparí ọdún náà ní ìjọ onítẹ̀bọmi kan ní Bàrígà. Ṣọlápé kó iṣẹ́ rẹ̀ wá sí yàrá ẹ̀yìn ilé ìtẹ̀wé. Àwọn ilé ìtẹ̀wé mélòó kan ní Bajulaiye ra awòoru lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn tó ń fi iná gbẹ ẹja ní Bàrígà sì ra díẹ̀. Bámilóyè tẹ gbólóhùn kan sára páálí tí wọ́n ń kó o sí: Ohun tó bá ń dán, ẹ kùn ún ní dúdú kí ẹ tó wò ó.

Ọwọ́ ìyá Bámilóyè san. Awọ tuntun bo àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ṣùgbọ́n awọ náà kò mọ ooru mọ́. Ó gbé ife tíì gbígbóná lọ́jọ́ kan, kò sì mọ̀ títí Àǹtí Rebecca fi pariwo.

Nígbà tí Ṣọlápé bí ọmọbìnrin, ìyá ọkọ rẹ̀ ló wá wẹ ọmọ náà, gẹ́gẹ́ bí ìyá àgbà ti ń ṣe. Ó jókòó sórí àpótí, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, ó sì gbé ọmọ lé e. Omi wà nínú báàfù ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ṣọlápé kọ ojú awòoru sí omi náà.

"Ṣé ó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́?"

"Ó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, Màámi."

Ọwọ́ òsì ìyá Bámilóyè ṣì mọ ooru. Kò fi kan omi náà. Ó bu omi, ó sì wẹ ọmọ.